Ṣé lóòótọ́ ni pé ejò kò nílò àyè ńlá? Ìbéèrè láti Kétu lórí kíkọ́ ilé fún àwọn ẹran afàyàfà

Ìbéèrè tó wá láti Kétu:

"Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Àwọn kan ní àdúgbò wa fẹ́ dá ọgbà ẹranko kékeré kan sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ láti Kétu sí Pobè. Ẹni tó ya àwòrán ilé náà ní àpótí dígí méjìlá ni òun yóò tò sínú yàrá kan fún ejò, alángbá àti ọ̀gà, òun yóò sì gbẹ́ kòtò kan tí wọn yóò fi símẹ́ńtì rẹ́ fún ọ̀nì. Nígbà tí mo sọ pé àwọn àpótí náà kéré jù, ó dá mi lóhùn pé ejò kì í rìn, pé bó bá ti jẹun tán oorun ló kù, àti pé àyè ńlá máa ń dẹ́rù bà á. Ṣé òótọ́ ni? Bí kì í bá ṣe òótọ́, báwo ni kí wọ́n ṣe kọ́ ọ, nígbà tí owó ọwọ́ wọn kò pọ̀?"

* * *

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí wọ́n tó po símẹ́ńtì. Ọ̀rọ̀ tí ayàwòrán yẹn sọ ti pẹ́ lẹ́nu àwọn tó ń sin ejò, òótọ́ díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Bí ẹ bá gbé ejò sínú yàrá ńlá tí kò ní ju ilẹ̀ pẹrẹsẹ àti ògiri mẹ́rin lọ, yóò ká jọ sí igun kan, kò ní jẹun, ẹni tó ń wò ó yóò sì sọ pé àyè ló pọ̀ jù fún un. Òfìfo yàrá náà ló ń dẹ́rù bà á. Ẹ kó ewé gbígbẹ, ìtì igi tó ní ihò, òkúta àti koríko sínú yàrá kan náà, ẹ óò rí i pé ejò yẹn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lo gbogbo rẹ̀.

Heini Hediger, ará Switzerland tó darí ọgbà ẹranko Bern, Basel àti Zürich ní ọ̀rúndún tó kọjá, ti kọ́ni pé ohun tó wà nínú àyè ṣe pàtàkì ju bí àyè náà ṣe fẹ̀ tó lọ. Àwọn kan a máa di ọ̀rọ̀ yìí mú láti fi gbèjà àpótí kékeré. Èmi kò bá wọn gbà á bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sí bí ẹ ṣe lè to òkè, ihò, omi, oòrùn àti ibòji sínú ohun tí kò gùn tó ẹranko náà fúnra rẹ̀. Bí àyè kò bá tó, ohun rere tí ẹ fẹ́ fi sínú rẹ̀ kò ní gbà.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi ẹnikẹ́ni tó bá fi àwòrán ilé ejò hàn mí ni pé: ǹjẹ́ ejò yìí lè na gbogbo ara rẹ̀ tán láì kan ògiri? Ní ọdún 2019, Clifford Warwick, onímọ̀ nípa ẹran afàyàfà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ejò tó wà ní ìgbèkùn, wọ́n sì rí i pé láàárín wákàtí kan péré, ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta wọn lọ tó na ara gbọọrọ. Ejò tí kò ráyè na ara, ẹ kò lè sọ pé kò wù ú láti nà á.

Èmi náà fi ojú ara mi rí i nígbà tí mo ń bá wọn tọ́jú ẹranko ní ọgbà kan lẹ́yìn ìlú Àjàṣẹ́. Erè kan wà níbẹ̀ tó máa ń ká jọ ní gbogbo ọ̀sán, tí àwọn olùwòran sì máa ń pè ní ọ̀lẹ. Tí oòrùn bá ti ń wọ̀, erè náà á tú ara rẹ̀, á gba ẹsẹ̀ ògiri lọ, gbogbo ara rẹ̀ á gùn gbọọrọ bí okùn tí mọlémọlé ta, ahọ́n rẹ̀ á máa jáde, á máa wọlé, títí imú rẹ̀ yóò fi kan igun yàrá. Ibẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọ̀n irin. Ìpẹ́ orí imú rẹ̀ ti bó, ẹran pupa ti hàn, a sì ń fi oògùn sí i ní àràárọ̀ lásán, nítorí pé bí alẹ́ bá lẹ́ yóò tún lọ gbo ojú egbò náà mọ́ irin. Ìgbà tí wọ́n wó ògiri àárín láti fi yàrá kejì kún tirẹ̀, tí wọ́n sì fi pákó dídán bo ìsàlẹ̀ àwọ̀n náà, ni egbò yẹn tó jinná. Erè ilẹ̀ wa a máa gùn ju mítà mẹ́ta lọ. Kí ẹ bi ayàwòrán yín bí àpótí rẹ̀ ṣe gùn tó.

* * *

Ẹ̀gbọ́n kan láti Àjàṣẹ́ ti fèsì pé: "Ẹ lọ wo tẹ́ḿpìlì àwọn ejò ní Ouidah. Inú yàrá kékeré kan ni gbogbo wọn ń gbé, orí ara wọn ni wọ́n ń sùn, wọn kò sì ṣàìsàn." Mo bọ̀wọ̀ fún ibẹ̀, mo sì bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀gbọ́n mẹ́nu kàn yìí kò gbe ẹni tó fẹ́ kọ́ àpótí dígí lẹ́sẹ̀ rárá. Àwọn ejò ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Dàngbé, a máa jáde kúrò nínú yàrá yẹn. Wọ́n a máa lọ wá oúnjẹ ní òru, bí ọ̀kan bá sì yà wọ ilé ẹnìkan, ẹni náà yóò gbé e padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Gbogbo àdúgbò ni ilé wọn, yàrá yẹn ni ibùsùn wọn.

Ohun kejì ni pé irú òjòlá kékeré tó wà níbẹ̀ kì í sábà gùn ju mítà kan ààbọ̀ lọ, inú ihò ilẹ̀ ló sì fẹ́ràn láti máa gbé ní ọ̀sán. Kí a má ṣe mú ìwà rẹ̀ wọn erè ńlá, tàbí ejò orí igi, tàbí awọ́nríwọ́n tó ń rìn káàkiri láti àárọ̀ tó bá ti yá oòrùn tán títí di ìrọ̀lẹ́. Gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ẹran afàyàfà kì í" ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣìnà kó tó parí, nítorí pé ọ̀nà tí ìjàpá gbà ń gbé ayé jìnnà sí ti ejò, ti ejò sì jìnnà sí ti ọ̀nì.

* * *

Ọ̀rọ̀ ooru ló kàn báyìí. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀, nítorí pé òun ló yẹ kó pinnu bí ilé náà yóò ṣe rí, kó tó kan ọ̀rọ̀ ẹwà.

Ẹran afàyàfà kì í dá ooru ara rẹ̀ ṣe bí ènìyàn àti ewúrẹ́. Ibi tó bá gbóná ló ti ń gba ooru, ibi tó bá tutù ló ti ń dín in kù, iṣẹ́ yìí ló sì ń fi èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ rẹ̀ ṣe. Mo dàgbà sí ìsàlẹ̀ àwọn òkè àpáta Ṣábẹ, ẹnikẹ́ni tó bá sì ti gbé ibẹ̀ mọ bí alángbá olórí pupa ṣe ń ṣe é. Láàárọ̀, ẹ̀gbẹ́ àpáta tó kọjú sí ìlà oòrùn ni yóò wà, tí yóò tẹ́ àyà mọ́ òkúta. Bí oòrùn bá ga, yóò gbé ara rẹ̀ sókè lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tó bá di ọ̀sán gangan, ẹ kò ní rí i mọ́, inú pàlàpálá àpáta ló wà. Ní ìrọ̀lẹ́ ẹ óò tún bá a ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Láàárín ẹsẹ̀ díẹ̀ péré, àpáta kan ṣoṣo fún un ní ìgbóná, ìtutù, gíga àti ibi ìsápamọ́. Ohun tí à ń gbìyànjú láti kọ́ nìyẹn.

Kí ló dé tí àwọn òyìnbó fi ń lo àpótí nínú yàrá? Òtútù ilẹ̀ wọn ni. Ọgbà ẹranko London ló kọ́kọ́ kọ́ ilé fún ẹran afàyàfà, ní ọdún 1849. Èyí tí Joan Procter, obìnrin tó ń bójú tó àwọn ẹran afàyàfà níbẹ̀, ṣètò rẹ̀ fún wọn ní 1927 ní ooru ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún àwọn ẹranko ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, iná sì wà nínú ilé àwọn ẹranko nígbà tí ọ̀nà àwọn olùwòran ṣókùnkùn. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni fún ìlú tí yìnyín ń bọ́ sí. Ní Pierrelatte ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n ṣí ilé dígí ńlá kan fún àwọn ọ̀nì ní 1994, gbogbo ìnáwó yẹn sì jẹ́ nítorí kí wọ́n lè rí ooru tí Ọlọ́run fi fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ láti Àjàṣẹ́ dé Ṣábẹ. Ó ń dùn mí gan-an nígbà tí a bá gba àpótí lọ́wọ́ wọn, tí a sì tún ń wá iná mànàmáná tí yóò máa mú un gbóná, ní ìlú tí iná ń lọ tó ń bọ̀.

Ohun mìíràn wà nínú oòrùn yàtọ̀ sí ooru. Ìtànṣán kan wà tí ojú ènìyàn kò lè rí, tí wọ́n ń pè ní UVB, òun ló ń jẹ́ kí awọ ẹranko ṣe fítámì D, fítámì yìí ló sì ń jẹ́ kí ara lo kálísíọ̀mù inú oúnjẹ fún egungun. Dígí fèrèsé lásán kì í jẹ́ kí ìtànṣán yìí kọjá. Alángbá tàbí ìjàpá lè máa yá oòrùn lẹ́yìn dígí láràárọ̀, kí ara rẹ̀ sì gbóná dáadáa, síbẹ̀ kí egungun rẹ̀ máa rọ̀, kí àgbọ̀n rẹ̀ wú, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tẹ̀. Bí wọ́n bá kọ́ ọ síta, tí wọ́n fi àwọ̀n bo òkè rẹ̀, wọn kò ní nílò láti ra gílóòbù kankan.

Ṣùgbọ́n oòrùn wa náà lè pa ẹranko, ìdí nìyẹn tí mo fi lòdì sí kòtò símẹ́ńtì. Ní ọ̀sán oṣù kẹta, símẹ́ńtì máa ń jó àtẹ́lẹsẹ̀, ògiri kòtò á máa ta ooru padà, atẹ́gùn kò sì ní wọlé. Ẹran afàyàfà kì í làágùn. Bí kò bá rí ibòji sá lọ, yóò kú níbẹ̀. Ẹ tún rántí pé Kétu wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 7 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, èyí túmọ̀ sí pé oòrùn ọ̀sán kì í dúró sí ojú kan ní gbogbo ọdún. Ní oṣù kejìlá, apá gúúsù ló ti ń ràn wá. Ní oṣù kẹfà, apá àríwá ni. Mo ti rí ibi tí wọ́n gbin igi sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, tí wọ́n sì yà á ní àwòrán pé ibòji wà, ṣùgbọ́n tí ibòji náà ń ṣubú sóde ògiri fún ìdajì ọdún. Ẹ fi ibòji sí ìhà méjèèjì, kí ẹ sì fi ihò abẹ́ ilẹ̀ kún un, torí pé ihò tó jìn díẹ̀ máa ń tutù ní ọ̀sán, ó sì máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní òru ọyẹ́.

* * *

"Ẹni tó sanwó wọlé fẹ́ rí ejò. Bí ẹ bá kọ́ igbó fún un tó lọ sá pamọ́, ṣé igbó ni à ń gbowó lórí rẹ̀?" Arákùnrin tó kọ èyí ní ọgbà tirẹ̀, mo sì mọ̀ pé owó oúnjẹ ẹranko ló ń rò. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́ sí ìdáhùn.

Ìdáhùn mi ni pé kí ẹ jẹ́ kí ibi tí ẹranko fúnra rẹ̀ fẹ́ wà bọ́ sí ibi tí ojú ènìyàn dé. Ẹ gbé òkúta tó ń gba oòrùn àárọ̀ sí iwájú ibi tí olùwòran ń dúró sí. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kan ihò ejò jẹ́ dígí nínípọn tó wà nínú òkùnkùn yàrá olùwòran, kí ejò rò pé òun wà nínú ilẹ̀, kí ọmọdé sì rí ìpẹ́ ara rẹ̀ kedere láti ìdí dígí. Ọgbọ́n Procter náà ni, àmọ́ oòrùn ni yóò rọ́pò iná rẹ̀. Ẹ kọ́ òrùlé fún ènìyàn, kí ẹranko wà ní ìta. Àwọn òbí tó mú ọmọ wá yóò pẹ́ níbi ibòji, ẹni tó bá sì pẹ́ níbẹ̀ ni yóò rí ẹranko tó ń rìn.

Ohun tí n kò ní gbà ni kí a máa fi ẹranko sí ìsàlẹ̀ kí ènìyàn dúró sókè máa wò ó. Ní ọdún 2017, àwọn olùwòran sọ ọ̀nì kan ní òkúta pa ní ọgbà ẹranko Belvédère ní Tunis. Ọ̀nì tó dúró jẹ́ẹ́ máa ń jẹ́ kí ènìyàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó wà láàyè, ọwọ́ á sì lọ sórí òkúta. Ẹ kò lè fi pátákó ìkìlọ̀ dá a dúró. Bí ilé ṣe rí ló lè dá a dúró: kí ojú ènìyàn àti ojú ẹranko wà ní ìpele kan náà, kí àyè àti ewéko wà láàárín wọn, kí òkúta kékeré má sì sí lọ́nà tí olùwòran ń gbà. Símẹ́ńtì tàbí yanrìn ni kí ẹ fi ṣe ọ̀nà wọn, kí ẹ má lo òkúta wẹ́wẹ́.

* * *

Ìyá kan láti Àjàṣẹ́ béèrè bóyá kí wọ́n fi paramọ́lẹ̀ àti sèbé sí i, nítorí pé àwọn ọmọ iléèwé yẹ kí wọ́n dá wọn mọ̀. Ìyá mi, mo gbọ́ yín, Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá fi oró ejò sínú àwọn àìsàn ilẹ̀ olóoru tí ayé pa tì ní ọdún 2017, nítorí náà ẹ̀kọ́ yẹn ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n níbi tí kò bá ti sí oògùn oró ejò nítòsí, tí ilẹ̀kùn kò pé méjì léra wọn, tí olùtọ́jú kan ṣoṣo ló ń wọlé láì sí ẹnìkejì, kí ejò olóró má ṣe wọ ibẹ̀. Àwòrán àti awọ tí ejò bọ́ sílẹ̀ tó fún iléèwé.

* * *

A padà sọ́dọ̀ ọ̀nì. Ọ̀nì tó wà ní apá ibí yìí kì í ṣe ti odò Nile: ìwádìí lórí àbùdá tó jáde ní 2011 fi hàn pé irú ọ̀tọ̀ ni, tí wọ́n ń pè ní Crocodylus suchus. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ ra ọ̀nì láti ibi tó jìnnà wá dà pọ̀ mọ́ tiwa. Kí wọ́n sì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba kí wọ́n tó mú èyíkéyìí, nítorí pé ọ̀nì àti erè wà lára àwọn ẹranko tí CITES, àdéhùn àgbáyé ti 1973 lórí òwò ẹranko àti ewéko inú igbó, ń dáàbò bò.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí omi gba gbogbo ilé, kí ilẹ̀ gbígbẹ sì ṣẹ́ kù bí etí àwo. Orí ilẹ̀ ni ọ̀nì ti ń yá oòrùn, orí ilẹ̀ náà ni abo ti ń yé ẹyin. Bí àyè ilẹ̀ kò bá tó fún gbogbo wọn láti jáde lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó lágbára jù ni yóò gbà á, ìyókù yóò sì máa gbé inú omi títí ara wọn yóò fi tutù jù. Ẹ fi yanrìn sí etí omi. Ẹ gbẹ́ adágún méjì dípò ọ̀kan, kí wọ́n lè fa omi ọ̀kan gbẹ láti fọ̀ ọ́ nígbà tí àwọn ẹranko wà nínú èkejì, láì sí pé olùtọ́jú ń bá wọn du àyè. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ adágún dà síbi ihò ìdaminù. Ibi tí omi bá ti ń dúró lẹ́yìn tí ẹ fà á tán, ibẹ̀ ni òórùn àti àìsàn yóò ti máa wá.

Mọlémọlé kan láti Ṣábẹ sọ pé ọ̀nì kì í gun ògiri. Ọ̀gá mi, ó máa ń gun àwọ̀n irin dáadáa, pàápàá àwọn ọmọdé rẹ̀, ó sì máa ń gbẹ́ ilẹ̀. Kí ìpìlẹ̀ ògiri wọlẹ̀ dáadáa, kí ojú inú rẹ̀ dán, kí etí òkè rẹ̀ sì yọ síwájú sí ọ̀nà inú. Ní ti ejò, ẹ má ṣe fi igun sílẹ̀: ibi tí ògiri méjì ti pàdé ni ejò máa ń fi ara tì láti gòkè. Ẹ yí gbogbo igun po.

* * *

Ìbéèrè owó ló kù, òun náà ni mo rò pé ó mú kí ayàwòrán yẹn dá àpótí sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó fèsì gbà pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àpótí méjìlá, kí wọ́n sì máa fẹ̀ ẹ́ bí owó bá ṣe ń wọlé. Èmi kò gbà. Kò sí ọgbà tí mo mọ̀ tó ra dígí, tó sanwó káfíńtà, tó sì wá wó o lẹ́yìn ọdún méjì. Ohun tí wọ́n bá fi bẹ̀rẹ̀ ni wọn yóò máa tún kùn.

Kí wọ́n dín iye ẹranko kù. Dípò irú méjìlá, kí wọ́n mú mẹ́ta: àgbàlá àpáta fún alángbá, àgbàlá erè tó gùn, tó ní ìtì igi, adágún tó lè rì sínú rẹ̀ àti ihò abẹ́ ilẹ̀, àti àgbàlá ìjàpá tó ní koríko láti jẹ. Kí ọ̀nì dúró di ìgbà tí owó adágún méjì bá pé. Búlọ́ọ̀kù, òkúta, amọ̀, ìtì igi àti ewéko ni gbogbo iṣẹ́ yìí nílò, ilẹ̀ Kétu sì ní wọn. Àwọ̀n irin tó dára àti àgádágodo tó lágbára ni kí wọ́n ná owó lé lórí, nítorí pé àwọn yẹn ni a kò lè fi nǹkan mìíràn dípò.

Nítorí náà, àbúrò mi ní Kétu, kí wọ́n tó ta okùn ìpìlẹ̀, ẹ bá mi béèrè nǹkan mẹ́rin lọ́wọ́ wọn: báwo ni ilẹ̀ tí wọ́n rà ṣe gùn tó, tó sì fẹ̀ tó, apá wo ni igi ńlá tó wà níbẹ̀ wà sí, níbo ni àgbàrá òjò ń gbà kọjá, ta sì ni yóò máa wọlé tọ́jú àwọn ẹranko lójoojúmọ́. Ẹ kọ ìdáhùn wọn síbí. Mọlémọlé wa láti Ṣábẹ ti sọ pé òun yóò bá wa ṣírò iye búlọ́ọ̀kù, èmi náà yóò sì ya ibi tí òkúta, ihò àti ibòji yẹ kó wà.